Wọ́n Wá Kí Mi Kú Ará-fẹ́ra-kù Nítorí Ìwé Mi

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn obìnrin mẹ́ta tí a kò mọ̀ rí wọ aṣọ dúdú wá sílé wa ní Adó-Èkìtì. Mo ń sùn lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èyí tó dàgbà jù dì mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o." Ìyàwó mi kò béèrè ẹni tó kú kó tó bú sẹ́kún.

Mo sáré jáde. "Ta ló kú?"

Ìyá àgbà náà wò mí tàánútàánú. "Ìyá oníṣu inú ìwé yín ni."

Láti Ìgèdè ni wọ́n ti wá. Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wọn máa ń jókòó ka ìtàn àròsọ mi pọ̀, wọ́n sì ti kà á dé ibi tí ìyá oníṣu ti kú.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo kàn rò ó ni. Kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ta la ó wá kí?" Ó jókòó. "Níbo lẹ tiẹ̀ sin ín sí? Ṣé ulé rẹ̀ ni?"

Obìnrin náà kú nínú ìwé mi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí oko rẹ̀ lójú ìwé tó tẹ̀ lé e. Mi ò rántí òkú rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó mi nu ojú. Inú ti ń bí i. "Ẹ dá wọn lóhùn. Níbo lẹ sin ín sí?"

Àwọn tó ti ra ìwé yẹn lọ́wọ́ mi kò sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀: ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó lọ, inú mi sì dùn dé ibi tí ojú fi ń tì mí, torí ọ̀fọ̀ ni wọ́n bá wá.

Mo kọ ìsìnkú náà, mo gbé e lọ sí Ìgèdè, mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀, gbogbo wọn dìde, wọ́n kọrin ìsìnkú. Èmi náà dìde.

Wọ́n jókòó tán, obìnrin kan nawọ́. "Ìrẹsì tí ẹ ní wọ́n jẹ níbi ìsìnkú yẹn kéré. Ẹ pa màlúù."

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ò lówó."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ wa ló mú un wá."

Bí mo ṣe tún ìwé náà tẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan láti ìjọ wọn dá mi dúró ní Fájuyì, ní Adó níbí, ó ní kí ló dé tí ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ àwọn kò mú nǹkan kan wá síbi ìsìnkú náà.