Màmá Tí Kì Í Sọ Pé Ó Ń Dun Òun

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní òpùrọ́. Mi ò ní bá a jà. Mi ò mutí, mi ò sùn, ọ̀sán gangan ni, ojú mi méjèèjì sì là kedere nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ fisió ni mo ń ṣe ní Òmù-Àràn. Àwa là ń fọwọ́ tẹ ara aláìsàn, tí à ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí à ń kọ́ ọ bí yóò ṣe dìde láì pariwo. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Oríkèé kan wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí eegun ìbàdí ti so mọ́ ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ènìyàn ò ní lè jókòó, kò ní lè dìde, oorun pàápàá á di ìjà.

Ibẹ̀ ló ń dun Màmá Rore. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí Rore ló ti ń wá. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń kọ ebè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé Èkó ló gbé e wá bá mi. Ọkùnrin yẹn ti kọ́ ilé sí Rore, ó fẹ́ ṣí i nígbà Kérésì, ó sì ní dandan ni kí Màmá jó wọlé níwájú gbogbo ìjọ.

"Dókítà, oṣù méjì péré ló kù o," ó wí fún mi. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Mo sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Màá fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé yẹn, màá gbé orúnkún rẹ̀ lé àyà, màá yí ìbàdí rẹ̀. Màá wá bi í pé, "Màmá, ṣé ó dùn yín?"

"A dúpẹ́, dókítà."

"Ṣé ó ti fúyẹ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe rí. Lọ́dọ̀ wa, bí iná bá ń jó àgbàlagbà, tí o bá bi í pé ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni yóò wí. Lójú wọn, àìmoore ni kí ènìyàn máa ráhùn sí ẹni tó ń ṣe é lóore. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìyá tèmi náà ò yàtọ̀. Síbẹ̀, "ó ti fúyẹ́" ni mo ń kọ sínú fáìlì. Mi ò sọ pé kó lọ ya eegun rẹ̀ ní fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tó wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní kò ṣe eré ìdárayá tí mo ní kó máa ṣe nílé. Ó ní kí n má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Inú ń bí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, nọ́ọ̀sì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó síta lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń jẹun. Mo gbójú sókè báyìí, Màmá Rore ló dúró níwájú mi. Kò mú ọ̀pá. Ó nàró ṣánṣán.

"Háà! Màmá! Ẹ wo bí ẹ ṣe nàró!" Èmi òmùgọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo ń yìn.

Ó gun ibùsùn fúnra rẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù. Mo ní bóyá ọwọ́ tèmi ló gbóná.

"Tẹ̀ ẹ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi wọlé. Mi ò sọ pé ó tẹ awọ ara o. Mo ní ó wọlé, bí ìka ṣe ń wọ iṣu tó ti rà, eegun sì ń rún lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ fà á yọ, kò yọ.

"Ó tó," ó ní. "Ó kàn ọ́. Dùbúlẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí ibùsùn, Ọlọ́run gbọ́. Mo ṣáà rí i pé imú mi wà nínú ìrọ̀rí, ọwọ́ tútù kan sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi lósì. Ó tẹ̀ ẹ́. Yéè! Mo fẹ́ ké, ohùn ò jáde. Kò sì kánjú rárá. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sinmi, yóò tún tẹ̀ ẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

"Fara dà á," ó ní létí mi. "Má ṣọ̀lẹ."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé, èmi nìkan ló bá tí mo dojú bolẹ̀, tí mò ń sunkún. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá.

Mo pe ọmọ Màmá lórí fóònù.

"Dókítà, a ti ń gbèrò àtipè yín," ó ní. "Màmá ti lọ. Ìdájí àná ni. Ilé tuntun yẹn la máa tẹ́ ẹ sí."

Ó ní ní Ìlọrin ni wọ́n ti wá ya eegun rẹ̀ ní fọ́tò. Àrùn ti jẹ eegun ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá. Kò bá mi jà. Ó kàn ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Màmá máa ń sunkún, àmọ́ ó ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ fún dókítà, kó má baà bà á nínú jẹ́.

Láti ìgbà náà, èmi náà ti ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àṣejù ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́ta Ọjọ́bọ̀ bá ti lù, àtàǹpàkò Màmá á dé sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi. Mo sá lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ kan ní Ìgbàjà, àtàǹpàkò náà bá mi débẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ẹ wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ Màmá Rore, gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ká kò, tí wọ́n ń gbọ̀n. Mo rí wọn dáadáa. Mo fa aṣọ bò wọ́n, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́ mi.