Jẹ́jẹ́, Obìnrin Tí Màmá Mi Ń Pè Lọ́mọ

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí màmá mi ń gbé ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun. Ọdún kejìlá rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyìn ṣáá ni wọ́n fẹ́, wọn ì bá ti bẹ ẹlòmíràn, torí èmi jowú obìnrin yẹn débi pé mi ò lè gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ kí n má fajú ro.

Jẹ́jẹ́ kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn arúgbó ló fún un lórúkọ náà, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bó bá ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: "Jẹ́jẹ́, Màmá. Jẹ́jẹ́, Bàbá." Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó lé ní ọmọ ogójì ọdún, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, kì í sì í yára rìn. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìgbà tí ìyẹn sì kú, ó ní òun ò mọ ohun tí òun lè fi ọwọ́ òun ṣe mọ́, ló bá wá iṣẹ́ wá síbí. Bí ilẹ̀kùn yàrá bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ṣì máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo kórìíra ìkanlẹ̀kùn yẹn. Ta ló fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀wàá hù?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí màmá mi ṣe débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ju ìyá mi nù. Aránṣọ ni wọ́n. Aránṣọ lèmi náà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jókòó sídìí máṣíìnì kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Nígbà tí ìgbàgbé dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn níka lẹ́ẹ̀mejì, mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ gbálẹ̀, mo gba ìgbálẹ̀. Mo rò pé ọmọ gidi ni mí. "Ẹ jókòó, màmá, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń jí wọn nìyẹn, òun náà ni mo fi ń sìn wọ́n lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n jókòó lóòótọ́, wọ́n jókòó títí wọn ò fi fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ní ká gba olùtọ́jú kan sílé. Ìyẹn lo ọjọ́ mọ́kànlá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó bá tirẹ̀ lọ. A wá rí ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà lójúmọmọ: à ń mú wọn lọ láàárọ̀, à ń lọ mú wọn nírọ̀lẹ́. Ìyẹn dára fún oṣù mẹ́ta. Àfi bí wọ́n ṣe ṣubú nínú balùwẹ̀ mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, tí mo sáré lọ fún oníbàárà láṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi wà nílẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ọwọ́ wa ò ká a mọ́." Mo bú u dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Báyìí la ṣe dé ilé ìtọ́jú náà. Kí oṣù kan tó pé, màmá mi ti ń sanra. Ìyá tí mo gbé ṣíbí síwájú ẹnu wọn tí mo bẹ̀ títí tí wọn ò là á, wọ́n ń lanu fún Jẹ́jẹ́. Wọ́n ń pè é ní "ọmọ mi." Èmi tí wọ́n bí, bí mo bá gbé báàgì èso wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rín ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí àlejò, wọ́n á ní, "Ẹ káàsán o, màdáámù. Ta lẹ wá kí níbí?" Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tèmi gba ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé lásìkò yẹn: kí màmá mi tún pè mí lọ́mọ lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó pẹ́ jù. Bí mo bá sì ti ń wo Jẹ́jẹ́, ṣe ló ń dà bíi pé ó ti jí ọ̀rọ̀ yẹn gbé sínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú mi kó lè bá màmá mi so okùn bàtà. Ojú mi bọ́ sí ìṣẹ́tí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, kì í ṣe máṣíìnì. Ojú abẹ́rẹ́ náà ṣe wẹ́wẹ́, ó tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, ó sì ń padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn márùn-ún márùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ránṣọ báyẹn. Ara mi gbóná bíi ti obìnrin tó rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ lórí okùn aṣọ aládùúgbò.

Mo ní, "Ta ló bá ọ ṣẹ́ aṣọ yìí létí?"

Kò tiẹ̀ fi pamọ́. "Màmá ni, mà. Irin bẹ́ẹ̀dì ló fà á ya nígbà kan. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n pòṣé, wọ́n ní kí n lọ mú abẹ́rẹ́ wá. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn ki òwú bọ̀ ọ́."

"O gbé iṣẹ́ fún ìyá mi? Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti rán an ju ìgbà ogún lọ. Mo máa ń tú u nílé ní Ọjọ́bọ̀, kí n lè rí nǹkan gbé fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá ti ránṣọ, wọ́n á jẹun. Bí wọn ò bá rán nǹkan kan, wàhálà ni."

Mo gba ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì àgbà lọ, mo ní wọ́n ń fi ìyá mi ṣẹrú. Nọ́ọ̀sì àgbà ò bá mi jiyàn, fáìlì ló ṣí. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ìránṣọ, ogójì ìṣẹ́jú, kí olùtọ́jú jókòó tì wọ́n, kó sì gba abẹ́rẹ́ padà tí wọ́n bá parí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mi ò kà á ni.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Ohun tó ká mi lára ni pé èmi tí mo ní àpò àjákù aṣọ tó kún dẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo ní abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi, irú èrò bẹ́ẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn rí. Ẹni tó kúrò nídìí búrẹ́dì ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fún aránṣọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo mú síkẹ́ẹ̀tì mi tuntun, èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo tú ìṣẹ́tí rẹ̀ yípo. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló jókòó tó ń ba aṣọ ara rẹ̀ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè rí tiẹ̀ náà. Owú ò mọ àgbà.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo bá wọn. Yúnífọ́ọ̀mù tí Jẹ́jẹ́ tú wà lórí itan màmá mi, òun náà jókòó tì wọ́n, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Mo tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi lé orí yúnífọ́ọ̀mù náà. "Màmá, ẹ bá mi wo èyí." Wọ́n fi ìka méjì gbé e, wọ́n wo ìbàdí rẹ̀, wọ́n wo ojú rírán mi, wọ́n pòṣé, wọ́n sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga.

Jẹ́jẹ́ rí ojú mi. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ bá màdáámù ṣe tiwọn. Tèmi lè dúró."

Ṣé ẹ rí i? Ó fẹ́ fi ìyá mi ta mí lọ́rẹ. Inú bí mi, síbẹ̀ mo fẹ́ gbà á.

Màmá mi ò wo ọ̀dọ̀ mi. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n dá lóhùn: "Rárá o. Oníbàárà lẹ̀yin, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé." Wọ́n wá na abẹ́rẹ́ sí mi. "Ọmọ mi nìyẹn. Tọmọ mi ló máa ń gbẹ̀yìn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ, lọ jókòó, o dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, aṣọ oníbàárà ni wọ́n ń rán kí wọ́n tó kan tèmi. Mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù tí wọn ò ráyè ṣẹ́ létí lọ síléèwé rí, mo sì sunkún lọ sunkún bọ̀. Mo lọ jókòó.

Jẹ́jẹ́ dorí kodò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òwú tàsé ojú abẹ́rẹ́ kó tó rí i kì bọ̀ ọ́. Ọmọ ló ti ń jẹ́ láti bí oṣù mẹ́jọ tí màmá mi ti débẹ̀, ọ̀sán yẹn ló di oníbàárà, mo sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, torí irú ojú bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń gbé wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó yẹ kí n káàánú rẹ̀. Mi ò tíì ráyè.

Agogo oúnjẹ dún kí màmá mi tó parí ti Jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, màdáámù ni wọ́n tún fi kí mi. Síkẹ́ẹ̀tì mi ṣì wà ní yàrá wọn, iṣẹ́ ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n yára.