Ìyá Fáìzàh Gun Òṣùwọ̀n Kòkó

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Shukurat, Ìyá Fáìzàh, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Atikori, ní Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, orí àga ni Ìyá Fáìzàh ti ń kírun, torí bó bá forí kanlẹ̀, èèyàn méjì ló máa ń gbé e dìde. Nọ́ọ̀sì Naomi ní ilé ìlera ní kó gun òṣùwọ̀n: kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

"Màmá, ẹ bá mi yọ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Orúnkún yín ló ń bẹ̀ yín, èmi kọ́."

Fáìzàh, ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, gbọ́, ló bá wá oúnjẹ látinú fóònù: òótì, ápù, àti ẹja kan tí kò sí odò Ìjẹ̀bú tó mọ̀ ọ́n. Ìyá rà wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní, "Fáìzàh, owó ọjà mi ló ń rù. Èmi ò tíì rù."

Ni Nọ́ọ̀sì bá là á yé e pé kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Kí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja sáwá gba ìdajì ìyókù. Kí ẹ̀bà tó bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé gba èyí tó kù. Kó yéé da ṣúgà sí gàrí, kó sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù dípò ọ̀kadà. Tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Adìyẹ ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo fojú ara mi rí àwo yẹn. Ẹ̀bà inú rẹ̀ jókòó bí àlejò tí wọn ò pè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ó ku ọ̀la kó padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á. Ó sọdá títì lọ sí sítọ́ọ̀ Zechariah, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì gun òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

"Ìyá Fáìzàh, ẹ ti gbẹ," ni Zechariah wí. "Bí ẹ bá jẹ́ kòkó ni, mà á rà yín lónìí."

Kílò mẹ́tàlá, lọ́sẹ̀ mẹ́ta péré. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ bàsíà kan fi dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, òṣùwọ̀n Nọ́ọ̀sì ní mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.

"Ẹ ti yọ mẹ́ta, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló dáa jù."

"Mẹ́ta báwo? Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mo wọ̀n lọ́dọ̀ Zechariah lánàá. Ṣé ìkọ́kọrẹ́ àná ló wọ̀n tó kílò mẹ́wàá ni?"

Bàbá Rùfáì, àgbẹ̀ kòkó kan tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, gbọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì. Ó bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n Nọ́ọ̀sì: àádọ́rin. Kò rántí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Sítọ́ọ̀ Zechariah ló gbà lọ tààrà, Ìyá Fáìzàh ń tiro tẹ̀ lé e. Ó gun ti kòkó: mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"Zechariah, ọmọ mi, kílò méje ara mi dà?"

"Bàbá, omi ni. A máa ń yọ ti omi."

"Èmi arúgbó yìí, omi wo ló kù lára mi? Ọdún mélòó lo ti ń yọ omi lára kòkó mi tó gbẹ bí òkúta?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógún ti wọn ara wọn níbi méjèèjì. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn ìwọ̀n ara tó bẹ́ẹ̀ rí. Zechariah tún òṣùwọ̀n ṣe. Ó ní eku ló bà á jẹ́.

Wọn ò gba eku yẹn gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ń ra kòkó báyìí, Ìyá Fáìzàh á gba ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì láàárọ̀, á wá gun ti kòkó kí àpò kankan tó gùn ún. Bí méjèèjì bá bára mu, ọjà ṣí nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ wá ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ju bí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣọ́ ọ lọ. "Ìyá Fáìzàh, ẹ má tíì jẹun o, a ò tíì ta kòkó." Ta ni kò ní rù?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òṣùwọ̀n méjèèjì sọ pé márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó forí kanlẹ̀ lórí ẹní, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Àga tó fi ń kírun ti di ti oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Atikori lọ́jọ́ kòkó, kí ẹ wá fojú ara yín rí i. Ẹ gun òṣùwọ̀n náà fúnra yín pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì ná.