Ṣọ́ọ̀kì Abẹ́ Bàtà

Ọkọ mi kì í tètè dá ènìyàn mọ̀ lójú. Bí ẹ bá kí i lọ́nà, á dáhùn, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ni yóò máa wò. Ìgbà tó bá rí bàtà yín tán ló tó máa sọ pé, "Háà, ẹ̀yin ni!" Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán bàtà nídìí àtẹ̀gùn òkúta tó so ìsàlẹ̀ ìlú pọ̀ mọ́ òkè, ìpele méjìdínlọ́gọ́fà gbáko, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó lọ kà á. Èmi náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, mò ń pààrọ̀ síìpù, mo sì ń rán àpò tó bá já. Pátákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ariwo òòlù rẹ̀ ti mọ́ mi lára débi pé lọ́jọ́ tí kò bá kan nǹkan, orí a máa fọ́ mi.

Kí n má purọ́, àtẹ̀gùn yẹn ló ń bọ́ wa. Òkúta rẹ̀ ti là, etí rẹ̀ ti jẹ, àárín rẹ̀ ti jìn. Òkè ni ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ wà, ìsàlẹ̀ ni ọjà àti ibùdókọ̀ wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó yá jù ú lọ. Gìgísẹ̀ bàtà á há sínú ihò, á ṣẹ́. Àtẹ́lẹ̀ á kọ etí òkúta, á ṣí. Ẹni tó ni ín á sì máa tiro bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí wọ́n fi di ẹni tó ń dá bọ́ ara wọn, ìdí àtẹ̀gùn yẹn la ti rí owó ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ọkọ mi ní ìwà kan tí n kò rí lọ́wọ́ aránbàtà mìíràn. Bí ẹ bá gbé bàtà wá, kò ní béèrè orúkọ yín. "Ibo ló ti bàjẹ́?" ni yóò béèrè. Bí ẹ bá ní ẹ ò mọ̀, á ní kí ẹ jókòó kí ẹ rántí. Ó gbà pé bàtà tí a kò bá mọ ibi tó ti ṣẹ́, bí a bá tún un ṣe lónìí, á tún ṣẹ́ lọ́la. Bó bá ti gbọ́ tán, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibẹ̀ sábẹ́ bàtà náà, á gbé e sórí pẹpẹ. Bí gbogbo oníbàárà wa ṣe mọ ìpele àtẹ̀gùn ní kíkà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan a máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kẹtàdínlógójì tún ti ṣe mí o!" bí ẹni tó ń fẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀ sùn.

Bó ṣe dé inú ìgbìmọ̀ ará ìlú, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Òfin ìlú wa ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa ka ètò ìṣúná ìlú, tí wọn yóò sì lọ fojú ara wọn rí iṣẹ́ tí ìjọba bá ní òun ti ṣe, kí ìjọba tó san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kò sí owó ọkọ̀, kò sí omi tútù. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìpàdé, kálukú ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi kò sí níbẹ̀, ó lọ gbé bàtà fún oníbàárà kan, ni wọ́n bá yàn án. Nígbà tó dé tí mo sọ fún un, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ní ìwé ọ̀hún dà. Láti ọjọ́ náà, bí a bá jẹun ọ̀sán tán, á tẹ́ ìwé ìṣúná sórí pátákó, á máa fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti já.

Ọ̀gá Tíṣà ni alága wọn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Eékún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn méjì mìíràn. Wọ́n fi òfin kan de ara wọn: ohun tí ẹsẹ̀ wọn kò bá tẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ wọn ti tẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, ó ti tẹ gọ́tà ẹ̀yìn ibùdókọ̀, èmi ni mo sì ń fọ ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ wá kan àtẹ̀gùn. Owó àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná ọdún yẹn. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó da símẹ́ńtì sí ogún ìpele àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, ó kun irin tí wọ́n ń dì mú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó gbójú sókè, á ní iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá gùn ún ló máa mọ̀ pé ìpele méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù wà bó ṣe wà. Kódà, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Lẹ́tà wá dé láti ilé ìjọba ìlú pé kí ìgbìmọ̀ wá wo iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wò ó, mo pe ọkọ mi. "Bàbá Ìbejì, ẹ máa fọwọ́ sí i, àbí?"

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ sí?"

"Àtẹ̀gùn ni."

"A ò tíì gùn ún."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń gùn ún! Ẹ ṣáà dákẹ́, kí wọ́n buwọ́ lùwé, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Tí wọ́n bá tún un ṣe dókè, ta ló máa gbé bàtà wá? Ṣé símẹ́ńtì la máa jẹ ni?"

Ó fi eyín di òwú mú. Ó so ó tán, ó gé e, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde. Kò mú agbòjò, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run ti ṣú.

Inú bí mi. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn jẹ̀. Mo wo pẹpẹ. Bàtà mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Mo mọ ọkọ mi, kì í ṣe ẹlẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá le tán, àwọn bàtà yìí ni yóò kó kalẹ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ àkísà sínú omi, mo mú bàtà àkọ́kọ́, mo yí i dà, mo ka ohun tó wà níbẹ̀, mo nù ún. Mo mú ìkejì. Mo nu gbogbo wọn tán, mo tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà. Ọkàn mi fẹ́ bá mi wí díẹ̀, mo ní kó dákẹ́, ṣé òun ni yóò san owó ilé ni?

Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Ìró ẹsẹ̀ ni mo kàn gbọ́, gbogbo wọn sì rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀gá Tíṣà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Onígbàjámọ̀, àwọn méjì tó kù, ẹnjiníà ilé ìjọba tó kó wọn wá, àti ọkọ mi lẹ́yìn gbogbo wọn, òjò ti pa á, ó rin gbingbin. Mo gbé àga fún Ọ̀gá Tíṣà. Ẹnjiníà yìí, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní, ti tẹ́ ìwé sórí pátákó mi, ó ti ṣí bírò.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ẹ ti rí i. Ogún ìpele lẹ ti gùn, ó ń dán bíi díńgí. Òjò ti dé, eékún màmá ò sì gbà á. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí."

Ọ̀gá Tíṣà yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jókòó sídìí ẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ní ó ti dáa, mo gbà. Ẹsẹ̀ yín, ẹsẹ̀ tiwa náà ni."

Mo mí kanlẹ̀. Kó ṣáà mi orí lásán, ká máa jẹun wa lọ. Ṣùgbọ́n ó lọ sídìí pẹpẹ. "Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó gùn ún," ó ní. Ó mú bàtà kan, ó yí i dà, ó gbé e síwájú wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mú ìkejì, òfìfo. Ó mú ẹ̀kẹta, ó mú ẹ̀kẹrin. Kò kánjú, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ń tò wọ́n lọ lórí pátákó, àtẹ́lẹ̀ wọn wà lókè, gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé.

"Bàbá, kí là ń wò gan-an?" ni ẹnjiníà béèrè. "Àbí bàtà máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí arúgbó tó ti ń ṣarán ni. Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mí dé egungun. Ọkọ mi, tó mọ ẹsẹ̀ gbogbo ìlú, dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, èmi ni mo sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Èyí," mo fọwọ́ kan bàtà àkọ́kọ́, "ìpele kẹtàdínlógójì, nọ́ọ̀sì ló ni ín. Èyí, kẹtàlélógójì, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, tìwé-tìwé ló ṣubú. Èyí, kejìléláàádọ́ta. Èyí náà, kejìléláàádọ́ta. Èyí, kọkànlélọ́gọ́ta, obìnrin tó ni ín lóyún, Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Mo kà wọ́n lọ títí dórí ìkẹtàdínlógún, n kò ṣi ọ̀kan pè. Ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ nù kí ojú má baà rí i, ó ṣòro kó tó gbàgbé rẹ̀.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ gbogbo ìyẹn?" ni ẹnjiníà wí.

"Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ni mo nù ún láàárọ̀ yìí."

"Ẹ nù ún? Kí ló dé?"

"Torí àtẹ̀gùn tó bàjẹ́ yẹn ló ń bọ́ wa."

Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, mo ṣe tán láti wọ̀ ọ́. Ọ̀gá Tíṣà fọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. "Agbòjò mélòó ló wà níbí?"

Méjì ló wà. Mo ní n kò ní bá wọn lọ, ó ní ta ni yóò wá fi ọ̀nà han àwọn. Ni mo bá ṣáájú, mò ń ka ìpele sókè nínú òjò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí a dé kẹtàdínlógójì, bàtà ẹnjiníà há, gìgísẹ̀ rẹ̀ ya. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó wò ó yí ká.

"Ibo ló ti bàjẹ́?" ó bi í.

Ẹnjiníà fajú ro díẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kẹtàdínlógójì, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó buwọ́ lùwé lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá owó tó kù dúró. Agbaṣẹ́ṣe halẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún halẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló gbà á. Nígbà tí ìgbìmọ̀ gùn ún dókè tán, tí Ọ̀gá Tíṣà sinmi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́nà, wọ́n buwọ́ lùwé.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá iṣẹ́ wa dín kù. Ó dín kù dáadáa. Pẹpẹ tó máa ń kún, bàtà márùn-ún, mẹ́fà ló kù lórí rẹ̀. Mo dín aṣọ tí mò ń rà kù, a kì í jẹ ẹran lójoojúmọ́ mọ́, ọkọ mi sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán bẹ́líìtì. Ebi kò pa wá ṣá. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, àwa méjèèjì a máa gun àtẹ̀gùn náà lọ jókòó lókè láti gba atẹ́gùn. Àwọn ènìyàn a máa sáré kọjá lára wa, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ibẹ̀ la jókòó sí lọ́jọ́ kan tí mo fi bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò bá mi wí rí nítorí ṣọ́ọ̀kì tí mo nù. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

"Mo rí ẹ," ó ní.

"Ẹ rí mi níbo?"

"Mo padà wá mú agbòjò. Ilẹ̀kùn ò pa dé tán. Mo rí ẹ pẹ̀lú àkísà, mo bá yí padà."

Mo kọjú sí i pátápátá. "Ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, ẹ wá ń yí bàtà dà lójú ẹnjiníà, tó ń fi yín rẹ́rìn-ín?"

"Ṣọ́ọ̀bù àwa méjèèjì ni. Tí mo bá la ẹnu mi, èmi nìkan ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé a jọ ṣe é ni."

"Tí mo bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

Ó gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, ó wò mí. Ó yà á lẹ́nu gan-an.

"Ìwọ kẹ̀?" ó ní. "Ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn."