Hẹlikọ́pítà Inú Pálọ̀ Mi

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ore kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ láàbù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Olùkọ́ jọ́gíráfì ló fún ní kọ́kọ́rọ́. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé obìnrin á kàn ba ẹ̀rọ jẹ́ ni. Àwọn èèyàn ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin kó ẹrù wá sílé mi ní Odigbo. Hẹlikọ́pítà kékeré kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí nínú ilé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọ mi fẹ́ jù ú nù, torí pé bó bá ti gbéra, ṣe ni yóò dúró lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Mo gbà á. Mo tú ike ara rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́, mo yọ́ àbẹ́là, mo sì lẹ ọ̀rá rẹ̀ bíńtín mọ́ ọn nímú. Imú rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bó bá sáré jù, màá fi èékánná ha ọ̀rá díẹ̀ kúrò.

Ọ̀gá ti di àgbà ìjọ ní ilé àdúrà wa báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó yà kí mi tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń ha ọ̀rá.

“Màmá, ohun tí ẹ fẹ́ kó fò lẹ tún ń di ẹrù rù?”

“Ọ̀gá, ẹ ò kọ́ físíìsì. Ẹ jókòó.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá ti ẹnu ọ̀nà fò dé orí tábìlì ìjẹun láìṣubú, òun á sọ ní ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì pé èmi ló yẹ kóun fún ní kọ́kọ́rọ́ yẹn.

“Bó bá ṣubú ńkọ́?”

“Ẹ ò ní dárúkọ kọ́kọ́rọ́ fún mi mọ́ títí a ó fi kú.”

Mo gbà. Kò síná nígbà yẹn. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ rìmóòtù, ó sì dorí kọ tábìlì. Bó ṣe dé àárín pálọ̀ ni wọ́n mú iná dé. Nílùú tiwa, bí iná bá lọ, ta ló ń rántí pa fáànù? Fáànù òkè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, atẹ́gùn rẹ̀ ń ti hẹlikọ́pítà mọ́lẹ̀. Ó rọ̀ dé orúnkún Ọ̀gá, Ọ̀gá ti ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mikàn. Fáànù kì í sáré lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yára. Mo fún un ní gbogbo agbára tó ní, ọ̀rá imú rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ síwájú títí ó fi jáde lábẹ́ fáànù. Mo gbé e sókè, ó bà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà.

“Iná ló ràn yín lọ́wọ́,” Ọ̀gá wí.

“Iná tó fẹ́ pa á?”

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e ní Ore, ó dìde, ó ń kùn bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú.

Mo ní, “Ọ̀gá, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.”

“Ìyá yìí ló yẹ kí n fún ní kọ́kọ́rọ́ láàbù.”

Olùkọ́ jọ́gíráfì wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní kí Ọ̀gá tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi.