Bí Wọ́n Ṣe Bọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Títí Ó Fi Ṣubú

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé, bí mo bá ru omi láti odò, gbogbo àyà aṣọ mi á ti tutù kí n tó délé, àwọn àgbà ilé wa ní Igbó-Ọrà ṣe àṣìṣe kan tí inú ṣì ń bí mi sí títí dòní. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ìyá mi sì kú láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, èmi ni n ó ro ẹjọ́ náà.

Ìbejì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èyí kì í ṣe ìròyìn níbi tiwa. Ilé tí kò bá ní ìbejì là ń béèrè ohun tó ṣe é. Àwọn méjèèjì ga, apá wọn le, ikùn wọn pẹlẹbẹ, ìyá mi nìkan ló sì lè dá wọn mọ̀ láti ẹ̀yìn. Táíwò ló ń jìjàkadì. Kẹ́hìndé kò fẹ́ràn ariwo. Oko ló mọ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni Táíwò wọ agbo pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Ìdèrè, lọ́jọ́ ọdún iṣu. Ọrùn ọkùnrin náà nípọn bí odó, ara rẹ̀ sì kún ojú ọ̀nà. Wọ́n dìmú, wọ́n ń fa ara wọn síwá sẹ́yìn, títí ọmọ Ìdèrè fi ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Táíwò yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ló bá fi ẹ̀yìn kanlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹsẹ̀ ló yọ̀. Gbogbo ẹni tó lójú ló rí i. Ṣùgbọ́n kí a tó délé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó jẹ́ baálé ilé, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

"Ara ló fi jù ọ́ lọ, Táyé. Ṣé ewé ẹ̀pà ló fẹ́ ti ìrókò ṣubú ni?"

Lẹ́yìn èyí la gbọ́ pé ọ̀gá eré ìdárayá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti wá mú ẹnì kan tí yóò máa jà fún ìpínlẹ̀ láàárín àwọn tí ara wọn wúwo jù. N kò rí Táíwò kó fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí télọ̀ rán àpò kan fún òun, èyí tí òun yóò kó ẹrù sí. Àwọn àgbà sì jókòó, wọ́n pinnu pé ó gbọ́dọ̀ sanra.

Wọ́n fà á kúrò lóko. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́, kò gbọdọ̀ ru iṣu, kò gbọdọ̀ pọnmi. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un. Iyán láàárọ̀, wàrà àwọn Fúlàní lọ́sàn-án, ẹran ọ̀yà lálẹ́. Kẹ́hìndé ló ń kọ ebè tirẹ̀, ló tún ń kọ ti Táíwò. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn, kódà ká ní kò sí ìjàkadì rárá.

Èyí tó wá burú jù ni pé gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Bí o bá dá aṣọ fún ọ̀kan, dá fún èkejì. Àwọn àgbà tó ń kọ́ wa ní òfin yìí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. A kì í fún ìbejì kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Bí oúnjẹ ni, kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Bí oko ni, kí wọ́n jọ lọ."

Baálé kò tilẹ̀ wò ó lójú. "Ìyá Ìbejì, ṣé Kẹ́hìndé ló fẹ́ jà ni? Ìdí ààrò ni kí o gbájú mọ́. Ọbẹ̀ àná yẹn ò nípọn."

Láàárín oṣù díẹ̀, Táíwò ò lè gun òkè odò wá láìdúró mí. Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ dá. Ó gbá ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Fi mí sílẹ̀, àbúrò mi. Ikùn yìí ni ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn."

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàwé dé yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn gan-an ni mo sì kà. Èmi kò sọ pé ara ńlá kò wúlò fún oníjàkadì. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù láàárín àwọn ńláńlá, wọ́n á ká a bí ẹní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó yẹ oníjà ni ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé sáré, tí èémí rẹ̀ sì lè bọ́. Ẹran ara tí kò bá ọ ṣiṣẹ́ rí, ẹrù lo rù wọ agbo.

Ọjọ́ pé. Kẹ́hìndé gbé omi dání fún ìkejì rẹ̀, ó dúró létí agbo. Ọmọ Ìdèrè dé. Òun fúnra rẹ̀ ti fọn díẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ti yọ. Bó ṣe rí Kẹ́hìndé, ó dúró gbagidi.

"Ọ̀rẹ́, o dé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹrẹ̀ léṣìí. Gbogbo igi inú oko bàbá mi ni mo gé nítorí tìẹ."

"Èmi kọ́," ni Kẹ́hìndé wí. "Òun nìyẹn."

Ọmọ Ìdèrè wo Táíwò lórí àpótí tó jókòó sí. Ó tún wo Kẹ́hìndé. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú ló ṣe é.

"Ẹni tí mo ń sá fún nìyẹn? Kí lẹ fi ṣe é?"

Òun àti Táíwò wọ agbo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìdèrè kò lè gbé Táíwò, baálé sì ń mi orí bí ẹni tó ti borí. Ọmọ Ìdèrè kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó kàn ń yí i po, ó ń fà á, ó ń fi í sílẹ̀, títí ẹnu Táíwò fi là sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn tì í ni. Gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n fi iyán kó jọ bá jókòó lé orúnkún rẹ̀ kan ṣoṣo. Mo gbọ́ bó ṣe dún.

Ọ̀gá láti Ìbàdàn mú ọmọ Ìdèrè. Kó tó wọ ọkọ̀, ó nawọ́ sí Kẹ́hìndé, ó béèrè ẹni tó jẹ́. Baálé ló dáhùn: "Ìyẹn? Àgbẹ̀ lásán ni."

Nígbà tí a délé, níbi tí a gbé ń fi omi gbígbóná jó orúnkún Táíwò, baálé dájọ́: oúnjẹ ìyá mi ni kò tó. Àwọn obìnrin ilé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Orúnkún náà kò nà mọ́. Inú àpò tí télọ̀ rán ni ìyá mi ń kó ẹ̀gúsí sí lẹ́yìn náà.

Ọmọ ọmọ mi ló mú kí n rántí. Ó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n ní kó wúwo sí i, ló bá ń po ìyẹ̀fun inú agolo mu, ọ̀kadà ló sì ń gùn láti ilé dé ìkóríta. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní, "Màmá, ayé ti yí padà."

Ó ti yí padà lóòótọ́. Wọ́n ti gé igi máńgòrò náà, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú agbo. Nígbà tiwa, àgbà ló ń bọ́ ọmọ títí yóò fi ṣubú. Nísinsìnyí, ọmọ ń fi owó ara rẹ̀ rà á nínú agolo.

Mo mú un lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. A kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọ̀pá Táíwò ká tó rí i. Kẹ́hìndé kò sí nílé. Ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ọmọ náà wo orúnkún Táíwò fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi í pé kí ló ṣe é.

"Wọ́n ní oúnjẹ ìyá wa ni kò tó," ni Táíwò wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ìyá mi nípọn.