Mọ́tò Ìjàpá Tó Wà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkùnrin riwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, wà tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ogui, nílẹ̀ Ìgbò. Yétúndé ni wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní "ìyá mi." Ẹja lásán ló fẹ́ rà, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi ìyá mi."

Lọ́jọ́ kan, ó fi fọ́tò mọ́tò ìjàpá àtijọ́ kan hàn mí. Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún ló wà. Ó fẹ́ kí òun àti ọmọ náà jọ tún un ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká rà á?"

Èmi tí mi ò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò lọ, mo fajú ro bí ẹnjiníà. "Abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún. Ẹ má rà á o."

Fọ́tò ọ̀hún ò tiẹ̀ fi abẹ́ hàn. Ìlara ló ń ṣe mí. Ọmọ tèmi, tó bá ti kí mi ní "Good morning sir," ó di ọ̀la.

Riwáyà kọjú sí ọmọ ẹ̀ tó dúró tì wá. "Ìyá mi, ẹ gbọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Daddy, if e don rust, we go learn welding."

"Ó parí. A máa rà á."

Mo wọlé, mo pe ọmọ mi. "Wá, jẹ́ ká tún fáànù yìí ṣe."

Ó ní, "Daddy, fan no spoil."

Òótọ́ ló sọ. Mo dúró ti fáànù náà, mò ń wá ibi tí mo lè gbà bà á jẹ́.